Ẹ Má Da Omi Àkọ́kọ́ Nù

Hong Kong,
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kejì, ọdún 1975.

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú eruku Ìdímù, ẹ kú iṣẹ́ ewé. Ṣé ara yín le? Ṣé igi ọ̀dán tí ẹ ń pàtẹ sí abẹ́ rẹ̀ ṣì wà, àbí àwọn tó ń fẹ títì ti gé e? Mo kí Ọ̀gbẹ́ni Abraham, ayálégbé wa, mo sì kí ìyàwó wọn, Tíṣà Yẹ́misí, tí yóò ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á sókè, ẹ kà á díẹ̀díẹ̀.

Ẹ má bínú pé oṣù mẹ́rin kọjá tí ẹ ò gbúròó mi. Ẹsẹ̀ mi ló dá. Ní oṣù Kẹwàá, àpótí kan já bọ́ nínú ikùn ọkọ̀ wa, ó bọ́ lé ẹsẹ̀ òsì mi, eegun rẹ̀ sì dá sí méjì. Wọ́n gbé mi lọ sí ọsibítù níbí, ọkọ̀ wa sì lọ. Ọkọ̀ òkun kì í dúró de ẹsẹ̀ ẹnì kan. Eegun náà ti so báyìí; mò ń fi ọ̀pá rìn, ṣùgbọ́n mò ń rìn. Ilé iṣẹ́ ní kí n dúró títí àwọn yóò fi rí ọkọ̀ mìíràn tó ń lọ sí Èkó, ìwé ìrìnnà mi sì wà lọ́wọ́ wọn. Kí n má baà jókòó lásán, wọ́n fi mí sí ilé ìkẹ́rùsí kan létí òkun, níbi tí mo ti ń ka àpótí tíì fún bàbá arúgbó kan tí wọ́n ń pè ní Láù.

Tíì yìí kì í ṣe irú èyí tí a mọ̀. Kò sí mílíìkì, kò sí ṣúgà. Wọ́n á tẹ ewé náà pọ̀, yóò rí pẹlẹbẹ bí ọmọrí ìkòkò, wọ́n á fi bébà dì í, wọ́n á wá kó o sí yàrá tó lọ́rinrin kó máa kan fúnra rẹ̀, bí irú tí a bò mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́ta ni irú máa ń lò. Èyí tí Bàbá Láù gbé síwájú mi ti lo ọdún mọ́kàndínlógún. Ó ti wà nínú bébà kí n tó wọ ilé kéú.

Wọ́n fi irin ṣóńṣó kan yọ díẹ̀ lára rẹ̀, wọ́n kó o sínú ìkòkò amọ̀ tí kò ju ọsàn kan lọ, wọ́n da omi gbígbóná sí i, ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n sì da omi náà nù. Mo rò pé wọ́n ṣì í ṣe ni. Wọ́n fi ọwọ́ júwe pé omi àkọ́kọ́ ń fọ̀ ọ́, ó sì ń jí i lójú oorun. Omi kejì ni wọ́n bù fún mi. Ó dúdú bí àgbo yín. Òórùn ilẹ̀ ilé lẹ́yìn òjò ló wà lára rẹ̀, àti ti àká àgbàdo ìyá yín ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo fẹ́ tu ú dànù, ojú tì mí. Nígbà tó di ìkẹta, nǹkan kan dùn ní ọ̀fun mi. Nígbà tó di ìkẹfà, mo gbọ́ tí mo ń sọ pé, "Ìyá mi." Bàbá Láù ò gbọ́ èdè wa, ṣùgbọ́n wọ́n mi orí. Ewé kan náà la fi omi sí lẹ́ẹ̀mẹwàá.

Mo ti fi ọ̀kan rán Àjíṣafẹ́ sí yín. Ọmọ ìlú Àgbàdo ni, inú ọkọ̀ tó ń bọ̀ wá sílé ló ń ṣiṣẹ́. Àwọn àgbà ibí a máa mu ún tí inú bá wú, tàbí tí oúnjẹ bá dúró sí wọn láyà. Bó bá ṣe pẹ́ sí ni wọ́n ṣe ń ṣìkẹ́ rẹ̀ sí.

Kí ọdún Iléyá tó dé, mo ti dé.

Èmi ọmọ yín,
Ṣàfíù.


Ìdímù,
Ọjọ́ kẹrin, oṣù Karùn-ún, ọdún 1975.

Ṣàfíù Àlàó, ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ẹsẹ̀ rẹ. O kí igi ọ̀dán kí o tó sọ fún ìyá rẹ pé eegun rẹ dá. Bóyá ká ní igi ọ̀dán ló bí ọ, ì bá ti gbọ́ láti oṣù Kẹwàá. Wọn ò tíì gé e. Má fi ọ̀pá yẹn sílẹ̀ kíákíá. Eegun tó bá so lókè òkun, ta ló mọ ohun tí wọ́n fi so ó?

Ọjọ́ márùndínláàádọ́ta ni ọkọ̀ Àjíṣafẹ́ fi dúró lójú òkun kó tó ráyè wọ Èkó. Ó ní ọkọ̀ sìmẹ́ńtì ló dí ọ̀nà, pé gbogbo ayé ló ń kó sìmẹ́ńtì bọ̀ wá bá wa. Kò yà mí lẹ́nu. Láti ìgbà tí ìjọba ti fi owó Údójì kún owó oṣù, kò sẹ́ni tí kì í kọ́lé. Abẹ́ igi mi kún fún bíríkìlà láràárọ̀, àgbo jẹ̀díjẹ̀dí ni wọ́n ń mu bí omi.

Mo rí ohun tí o fi ránṣẹ́. Kí n tó tú bébà rẹ̀ tán ni mo ti gbọ́ òórùn rẹ̀, mo ní, ọmọ mi ti rí egbòogi. Abraham ní, "Ìyá, ewé yìí mà ti bu." Mo ní, Abraham, bí ìwọ náà bá wà nínú bébà fún ọdún mọ́kàndínlógún, ṣé o ò ní bu?

Ṣùgbọ́n Àlàó, ta ló kọ́ ọ ní ìdákudà? O ní wọ́n ń da omi àkọ́kọ́ nù. Ìwọ ọmọ ẹlẹ́wé! Ẹ̀yìn mi ni o wà tí mo fi ń sè fún ìyá ọlọ́mọ, ṣé o rí mi rí kí n da omi àkọ́kọ́ nù? Inú omi àkọ́kọ́ ni agbára wà. Ẹni tó bá dà á nù, igi lásán ló kù tó ń sè. Mo kó ìdajì rẹ̀ sínú ìṣasùn, mo bu omi bò ó, mo gbé e kaná lẹ́yìn ìrun àárọ̀, kò sọ̀ títí di ọ̀sán. Ó ki. Ó korò wọ eyín, ó wá dùn nígbà tí mo gbé e mì. Bíríkìlà kan bẹ̀ mí kí n bu díẹ̀ fún òun. Kò sùn lọ́sàn-án, kò sùn lóru, ó wá bi mí lọ́jọ́ kejì bóyá mo mọ ẹ̀rọ̀ rẹ̀. Mo bi Àlùfáà bóyá ohun tí a bò tó fi kan kì í ṣe ọtí. Ó mu kọ́ọ̀pù kan, ó ronú, ó ní kí n bu ìkejì wá kóun lè mọ̀ dájú.

Ní tèmi, inú mi rọ̀. Inú tó ti le bí pákó láti ìgbà ọyẹ́, ó rọ̀. Má wulẹ̀ dààmú, kì í ṣe nǹkan kan. Bi bàbá yẹn pé igi wo ni, kí o sì fi méjì sí i ránṣẹ́.

Ìyá rẹ,
Àdíját.

Bọ̀ọ̀dá Ṣàfíù, èmi Yẹ́misí ni mò ń kọ èyí. Ìyá ti dìde lọ ṣe àlùwàlá, wọn ò mọ̀ pé mo fi kún un. Láti oṣù Kejìlá ni oúnjẹ ò ti lọ lẹ́nu wọn: òkèlè mẹ́ta, wọ́n á ti àwo sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ní oṣù Kẹta, èmi àti Abraham mú wọn lọ sí ọsibítù. Wọ́n ya fótò inú wọn. Dókítà ní kókó kan wà níbẹ̀, pé ó gbọ́dọ̀ jáde kíákíá. Ó dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ sí ọjọ́ Mọ́ńdè, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹfà. Ìyá gbà, wọ́n ti di ẹrù wọn. Láti ọjọ́ tí tíì yín ti dé, wọ́n ti tú ẹrù náà. Bí a bá sọ̀rọ̀, lẹ́tà yín ni wọ́n fi ń dá wa lóhùn: "Ọmọ mi ní àwọn àgbà ibẹ̀ ń mu ún sí inú wíwú." Èmi ni mo kà á sí wọn létí. Mi ò lè sọ pé kò sí níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè kọ̀wé.


Hong Kong,
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù Karùn-ún, ọdún 1975.

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jẹ́ kí ìkíni yín dúró dìgbà mìíràn. Àná ni lẹ́tà yín dé. Mo gbọ́ nípa kókó, mo gbọ́ nípa ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹfà. Ẹ má bi mí bí mo ṣe gbọ́.

Tíì lásán ni, Ìyá mi. Kì í ṣe egbòogi. Ewé ni, wọ́n ń mu ún bí a ṣe ń mu kòkó nílé wa lẹ́yìn oúnjẹ. Èmi ni mo kọ gbólóhùn yẹn láìronú. Mò ń wá ohun tí inú yín yóò fi dùn sí ẹ̀bùn mi. Mo bi Bàbá Láù lánàá, akọ̀wé kan ló bá wa túmọ̀. Mo ní, ṣé ó lè tú kókó inú? Wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n rí ojú mi, wọ́n na ọwọ́ sí àwòrán obìnrin kan lára ògiri. Ìyàwó wọn ni. Wọ́n ní ogójì ọdún ló fi mu ún láràárọ̀, inú náà ló sì pa á.

Ẹ lọ sí ọsibítù. Ẹ jẹ́ kí Tíṣà àti ọkọ wọn mú yín lọ. Mo ti lọ sí ilé wáyà láàárọ̀ yìí, mo ti ta wáyà sí ilé ẹ̀kọ́ Tíṣà, nítorí pé mi ò mọ̀ bóyá lẹ́tà yìí yóò dé kó tó di ọjọ́ kẹsàn-án. Mò ń ka ọjọ́ lórí ìka bí ọmọdé. Ká ní ẹsẹ̀ ni mo lè fi rìn wá, ǹ bá ti wà lọ́nà.

Ṣàfíù yín.


Ìdímù,
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Kẹfà, ọdún 1975.

Àlàó ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ dé lọ́jọ́ kẹtàdínlógún. Wáyà rẹ tẹ̀lé e lẹ́yìn ọjọ́ méjì. Ọkùnrin kan gbé e wá lórí kẹ̀kẹ́ ológeere, ó ní ọ̀nà Ìkòtún ti bàjẹ́. Bí wáyà bá ń rìn lẹ́yìn lẹ́tà, kí la wá ń pè ní wáyà?

Mo mọ ẹni tó sọ fún ọ. Ó jókòó síwájú mi báyìí, ó ń kọ ohun tí mò ń sọ, ojú sì ń tì í. Kọ ọ́ síbẹ̀, Tíṣà, pé ojú ń tì ọ́. (Mo ti kọ ọ́, Bọ̀ọ̀dá.) Mi ò bá a jà. Ṣùgbọ́n mi ò lọ. Àárọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án gan-an ni mo jẹ odindi ẹ̀kọ kan tán, mi ò sì bì í. Ta ni yóò jẹ ẹ̀kọ tán lọ bá ọlọ́bẹ?

O ní tíì lásán ni. Ọmọ mi, ó pa mí lẹ́rìn-ín. Bí oníbàárà bá bi mí ohun tó wà nínú àgbo ìju mi, kí ni o ti ń gbọ́ lẹ́nu mi láti kékeré? "Ewé lásán ni, jàre." Ẹni tó bá ní ojúlówó kì í jẹ́wọ́ rẹ̀. Bàbá yẹn kò fẹ́ kí egbòogi òun wọ ọwọ́ ẹlẹ́wé bíi tirẹ̀, ó sì ti kó ọ láyà jẹ. Ní ti ìyàwó rẹ̀, kí Ọlọ́run ṣàánú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ lo ní omi àkọ́kọ́ ni wọ́n ń dà nù! Ogójì ọdún ni wọ́n fi da agbára rẹ̀ sílẹ̀ láràárọ̀, obìnrin náà ń mu àṣẹ́kù. Báwo ni kò ṣe ní kú?

Ìdajì kejì ti wà lórí iná, ọjọ́ kọkànlá rèé tí mo ti ń dá omi sí i. Ó ti ń mọ́. Fi òmíràn ránṣẹ́ kó tó tán, kí o sì yéé sunkún nínú lẹ́tà. Tíṣà ò sọ fún mi pé o sunkún, ṣùgbọ́n tàdáwà rẹ ràn kálẹ̀ níbi méjì.

Ìyá rẹ.

Bọ̀ọ̀dá Ṣàfíù, ilé ẹ̀kọ́ ni mo ti kọ ìwé kékeré yìí, kò sẹ́ni tó ń wò mí. Ó tó ẹ̀ẹ̀mejì tí ìró Ìyá ń ká wọn lára tẹ́lẹ̀. Ó ti tó ẹ̀ẹ̀mẹta báyìí. Ẹ̀kọ tí wọ́n sọ yẹn, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n wọn ò sọ pé láti ọjọ́ náà wọn ò tíì jẹ òmíràn tán. Mo padà lọ bẹ dókítà. Ó fún wa ní ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹjọ. Ó ní bí ó bá kọjá ìgbà yẹn, òun ò ní lè ṣèlérí mọ́. Ẹ̀yin nìkan ni wọ́n ń gbọ́ràn sí lẹ́nu, wọ́n sì ti pinnu pé irọ́ lẹ ń pa.


Hong Kong,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Keje, ọdún 1975.

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ìfaradà. Ọlátúnbọ̀sún ló gbé lẹ́tà yìí àti ẹrù inú rẹ̀ bọ̀. Òun àti èmi la jọ wà nínú ọkọ̀ kan. Àyà ń dùn ún gan-an, ilé iṣẹ́ sì rí àyè kan ṣoṣo nínú ọkọ̀ òfurufú, wọ́n fún un. Mo tẹ̀lé e dé ibi tí wọ́n ti ń wọ̀ ọ́, mo padà.

Ìyá mi, ẹ ti borí mi. Òótọ́ ni pé mo fi nǹkan pamọ́. Bàbá Láù ti wá sọ ìlò rẹ̀ fún mi, wọ́n sì fi ọ̀kan tó dàgbà ju ti àkọ́kọ́ lọ ránṣẹ́ sí yín. Ó ní èèwọ̀ mẹ́ta. Èkíní, ẹni tó bá ní kókó nínú kò gbọdọ̀ mu ún kí irin tó kàn án. Bó bá mu ún ṣáájú, kókó náà ni yóò máa jẹun nínú rẹ̀. Èkejì, lẹ́yìn tí irin bá ti kàn án, kó ka ọjọ́ méje kó tó bu omi sí i. Ẹ̀kẹta, omi àkọ́kọ́, kó má ṣe dà á nù. Ẹ̀yin lẹ jàre níbẹ̀. Àwọn tó ń mu ún fún adùn nìkan ló ń dà á nù.

Ẹ gbé ti orí iná sọ̀. Ẹ lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ kẹrin oṣù Kẹjọ, kí ẹ lè rí èyí lò.

Ọmọ yín,
Ṣàfíù.

Tíṣà, ẹ̀yin nìkan ni kí ẹ ka ìwé pélébé yìí. Kò sí èèwọ̀ kankan. Orí àpótí ni mo jókòó sí tí mo fi ro wọ́n pọ̀, odindi ọ̀sán kan ni mo sì lò. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá ń kà á fún wọn, ẹ má jẹ́ kí ohùn yín yí padà.


Ìdímù,
Ọjọ́ kẹta, oṣù Kẹjọ, ọdún 1975.

Àlàó,

Ọlátúnbọ̀sún dé. Ó ń wúkọ́, mo fún un ní orógbó àti nǹkan díẹ̀. Ní ọjọ́ Túsìdè tó kọjá, àwọn ṣọ́jà gba ìjọba lọ́wọ́ àwọn ṣọ́jà, gbogbo ènìyàn sá wọlé, èmi nìkan ni mo wà lábẹ́ igi. Bíríkìlà kan padà wá mu àgbo rẹ̀ kó tó sá lọ.

Èèwọ̀ rẹ dára. Tíṣà kà á bí ẹni ń ka ìwé mímọ́, ohùn rẹ̀ ò yẹ̀. Mo ní kó kà á lẹ́ẹ̀kejì nítorí pé ó dùn mọ́ mi.

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń ta ewé, ọmọ mi. Èèwọ̀ tí mo ti fi lé oníbàárà lọ́wọ́, mi ò lè kà á. "Má bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí ìwọ yóò fi mu ún tán": kí ọkùnrin aláriwo lè jókòó jẹ́ẹ́, kó sinmi ni. "Bí o bá mu ún, o ò gbọdọ̀ ru ẹrù fún ọjọ́ mẹ́ta": nítorí ọkọ tí kì í jẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ gbádùn ni. Ohun tí ènìyàn ò ní gbà lẹ́nu wa, a máa ń fi sẹ́nu èèwọ̀. Ṣé o rò pé mi ò ní mọ iṣẹ́ ọwọ́ ara mi? Ìwọ tó ní tíì lásán ni ní oṣù Karùn-ún, ó di èèwọ̀ mẹ́ta ní oṣù Keje!

O kì í purọ́ fún mi. Nígbà tí o jí ẹ̀pà Ìyá Gàníyù, ìwọ fúnra rẹ lo wá sọ. Mo wá ń rò ó pé báwo ni ẹ̀rù ti ń ba ọmọ yìí tó, tó fi jókòó ní ìlú onílùú, tó ń hun irọ́ tó gún régé báyìí fún ìyá rẹ̀? Ẹ̀rù náà ni mo gbọ́. Mi ò gba ti dókítà, mi ò sì gba ti èèwọ̀. Ìwọ ni mo gbọ́.

Mò ń lọ lọ́la. Mo ti da ti orí iná nù. Mo ti gbé tuntun sínú ìṣasùn, mo dé e, mi ò tíì bu omi sí i. Èmi fúnra mi ni n óò sè é.

Iléyá lo sọ, àbí? Mo ti ń wo ojú àgbò.

Ìyá rẹ,
Àdíját.


Ilé ẹ̀kọ́, Ìdímù,
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Kẹjọ, ọdún 1975.

Bọ̀ọ̀dá Ṣàfíù,

Ẹ kú ojú lọ́nà. Ìyá ti padà sílé. Wọ́n ń jókòó, wọ́n ń sọ̀rọ̀, wọ́n sì ti bú Abraham lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ yìí.

Mo fẹ́ kọ èyí tó kù bó ṣe rí. Wọ́n mú wọn wọlé ní aago mẹ́jọ. Abraham ní iṣẹ́ náà yóò gbà wọ́n tó wákàtí mẹ́ta. Kò pé wákàtí kan tí dókítà fi jáde. Ó pè wá sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní àwọn la inú náà, àwọn sì rán an padà. Kókó náà ti tàn dé ẹ̀dọ̀, kò sí ohun tí ọ̀bẹ lè mú kúrò. Mo bi í pé ìgbà wo. Ó ní òun kì í dá ìgbà fún ènìyàn. Mo bi í bóyá ká ní oṣù Kẹfà ni. Ó ní, "Bóyá." Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi rò ó bóyá kí n kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn. Mo kọ ọ́ nítorí pé bí mo bá fi pamọ́, ẹ óò bi mí lọ́jọ́ kan, n óò sì ní láti wo ojú yín.

A ò sọ fún Ìyá. Wọ́n gbà pé ó ti jáde, tàbí kí n sọ pé wọ́n jẹ́ kí a rò bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà, wọ́n ní kí n bá àwọn fi ìka wọn bí àpá náà ṣe gùn tó. Mo wọ̀n ọ́n. Wọ́n ní, "Ọ̀nà tí irin gbà wọlé tí kò sì mú nǹkan kan jáde, bó ṣe máa ń rí nìyí." Wọ́n wá bi mí bóyá mo ti jẹun.

Wọ́n ka ọjọ́ méje pé. Mo ní, "Ìyá, ẹ̀yin lẹ ní irọ́ ni èèwọ̀ yẹn." Wọ́n ní, "Irọ́ ọmọ mi ni. A óò pa á mọ́." Ní ọjọ́ kẹjọ, wọ́n ní kí a gbé ìṣasùn síwájú àwọn. Wọ́n yọ díẹ̀ lára ewé náà, kò ju ìka méjì lọ, bí ẹ ṣe kọ ọ́ nínú lẹ́tà àkọ́kọ́, wọ́n ní kí èyí tó kù dúró dè yín. Wọn ò da omi àkọ́kọ́ nù. Wọ́n bù díẹ̀ fún mi. Ó korò gan-an, ṣùgbọ́n mo mu ún tán.

Ẹ sọ fún mi ohun tí n óò ṣe. Ṣé kí n sọ fún wọn, àbí kí n má sọ? Mi ò lè dá a rò. Ẹ dá mi lóhùn, kí ẹ sì wá.

Yẹ́misí.


Nínú ọkọ̀, lójú òkun Èkó,
Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù Kọkànlá, ọdún 1975.

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ìrọ́jú. Mo ti dé, mi ò sì tíì dé.

Lẹ́tà Tíṣà bá mi ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹsàn-án. Mo kọ èsì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì fà á ya lẹ́ẹ̀mẹta. Ohun tí wọ́n bi mí, mi ò rí ìdáhùn sí i títí di òní. Ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹwàá, ilé iṣẹ́ rí ọkọ̀ kan tó ń kó sìmẹ́ńtì bọ̀ wá sí Èkó. Ẹsẹ̀ mi ò tíì gbà kí n gun àkàbà, ṣùgbọ́n mo ní ó gbà. Bàbá Láù fún mi ní tíì kan nínú bébà.

Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù yìí la débí. Láti ìgbà náà, ojú kan la wà. Ọkọ̀ tó wà níwájú wa lé ní igba. Mo kà wọ́n, mo sì dáwọ́ kíkà dúró. Ọkọ̀ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa tó ti dé láti oṣù Karùn-ún. Òrinrin òkun ti wọ inú ẹrù rẹ̀, sìmẹ́ńtì náà ti di òkúta nínú ikùn rẹ̀. Ọ̀gá ọkọ̀ kò gbà kí ẹnikẹ́ni sọ̀ kalẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́, mo sọ ìdí fún un. Ó ní ìyá òun náà ń ṣàìsàn. Lọ́sàn-án, tí kùrukùru bá ká, mo ń rí etí òkun: ìlà funfun kan, ìlà ewé kan lórí rẹ̀. Bí mo bá wà nílẹ̀, kí oòrùn tó wọ̀ mo ti kọjá Dọ̀pẹ̀mú, mo ti dé Ìdímù.

Ogún ọjọ́ ló kù kí ọdún Iléyá pé. Mi ò ní ṣèlérí mọ́.

Omi mímu ti ń tán nínú ọkọ̀. Kọ́ọ̀pù méjì ni wọ́n ń pín fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́. Lánàá, mo se kan nínú méjèèjì, mo yọ tíì díẹ̀ sí i. Ọwọ́ mi ti gbé e sókè láti dà á nù bí wọ́n ṣe kọ́ mi, mo wá rántí pé kò sí omi mìíràn. Mo mu omi àkọ́kọ́. Ó korò wọ eyín, bí ẹ ṣe sọ. Mo dúró. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, ó dùn. Oṣù mẹ́sàn-án ni mo fi mu tíì yìí lọ́dọ̀ Bàbá Láù, mi ò mọ̀ pé bó ṣe rí nìyí. Ẹ̀yin lẹ jàre, Ìyá mi. Ẹ̀yin lẹ jàre níbẹ̀.

Ewé tí ẹ yọ lọ́jọ́ yẹn, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dà á nù. Ó ṣì ń gba omi.

Ọkọ̀ kékeré àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ló ń gbé lẹ́tà yìí lọ sí èbúté. Tíṣà, ẹ kà á fún wọn sókè, díẹ̀díẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan ló kù tó ń kà á, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣì kà á sókè.

Ṣàfíù Àlàó.